Yíyí kànga po, aṣọ lórí igi, òkè tí a ń fi ẹsẹ̀ lásán gùn: kí ni ìtumọ̀ wọn ní Írẹ́lándì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ Kátólíìkì wa níbí ní London ń múra ìrìnàjò mímọ́ sí Írẹ́lándì. A máa dé Knock, òkè Croagh Patrick, kànga Brigid Mímọ́ àti etí òkun Moher. Nígbà tí mo wo àwòrán àwọn ibẹ̀, mo rí àwọn èèyàn tó ń yí kànga po, mo rí àkísà tí wọ́n so kún orí igi, mo sì rí àwọn tó ń gun òkè láìwọ bàtà. Mo fi han màmá mi. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra, pé ó jọ ohun tí wọ́n rí nídìí ìrókò nígbà èwe wọn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Ṣé mo lè bá wọn ṣe é? Ṣé a sì lè bu omi kànga wálé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, ẹ sì bá mi kí Màmá dáadáa. Ìkìlọ̀ wọn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan, torí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Írẹ́lándì fúnra wọn ti bá àwọn ọmọ ìjọ wọn fa irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Síbẹ̀, mo gbà pé ẹ lè lọ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ rí nínú àwòrán yẹn, àdúrà tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré ni, àfi pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbà á níbẹ̀. Aṣọ orí igi nìkan ni mo ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀.

Orí Croagh Patrick ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Òkè yìí wà ní ìpínlẹ̀ Mayo, lápá ìwọ̀-oòrùn, nítòsí ìlú Westport. Ó ga tó mítà 764. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orí rẹ̀ ni Patrick Mímọ́ ti gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ní ọdún 441. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Keje ni èrò máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe é pé bá ti dé ibi òkìtì òkúta kan tó ń jẹ́ Leacht Benáin, á yí i po lẹ́ẹ̀meje, á sì gba Baba Wa méje, Mo Kí Ọ Màríà méje àti Mo Gba Ọlọ́run Gbọ́ kan. Tó bá gun dé orí, á kúnlẹ̀, á tún gba iye kan náà. Lẹ́yìn náà á yí ilé ìjọsìn kékeré tó wà lókè níbẹ̀, èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1905, po nígbà 15 pẹ̀lú Baba Wa 15 àti Mo Kí Ọ Màríà 15. Á yí ibi tí wọ́n ń pè ní ibùsùn Patrick po lẹ́ẹ̀meje. Òkìtì mẹ́ta tó wà ní Roilig Mhuire ló kù, òun náà lẹ́ẹ̀meje méje.

Ẹ tún un kà. Kò sí ọfọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹbọ, kò sí orúkọ ẹ̀mí kankan tí wọ́n ń pè. Bí ìka ṣe ń sún ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì síwájú ni ẹsẹ̀ ṣe ń sún àdúrà síwájú. Nídìí àwọn kànga, àwọn àgbàlagbà a máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méje, wọn á sì máa ju ọ̀kan sílẹ̀ bí ìyípo kọ̀ọ̀kan bá ti parí, kí iye má baà dàrú. Ọ̀nà tí oòrùn ń gbà ni wọ́n ń tọ̀, tó túmọ̀ sí pé ọwọ́ ọ̀tún yín ló gbọ́dọ̀ wà lápá ibi kànga. Ẹ má ṣe gba òdìkejì wọlé sáàárín wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ka ìyẹn sí àrífín.

Ní ti ẹsẹ̀ lásán, ìtàn Patrick fúnra rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Kì í ṣe ọmọ Írẹ́lándì. Ilẹ̀ Bìrìtéènì ni wọ́n ti bí i, lábẹ́ ìjọba Róòmù. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 16, àwọn akónilẹ́rú kó o lọ sí Írẹ́lándì, ó sì di darandaran fún ọdún mẹ́fà. Nínú ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó ní òun a máa gbàdúrà tó ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ kan, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lóru, nínú igbó àti lórí òkè, nínú yìnyín, nínú òtútù àti nínú òjò. Ó sá lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó padà sọ́dọ̀ àwọn tó kó o lẹ́rú, ó padà bíi bíṣọ́ọ̀bù. Àwa Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ fún wa: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tó padà wá wàásù fún àwọn èèyàn rẹ̀, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà ní 1864, Àjàyí Crowther wa ni. Ẹni tó bọ́ bàtà lórí Croagh Patrick ń rántí ẹrú kan tó ń da ẹran nínú òtútù tó ń gbàdúrà. Ó sì ń rántí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ìrònúpìwàdà ni, ó sì ń dun ni lẹ́sẹ̀, torí òkúta orí òkè yẹn mú, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àwọn kan á bi yín pé, kí ló dé tí wọn ò ṣe gbogbo èyí nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ìdí pàtàkì kan ni pé wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn. Láti ayé Ọba Henry Kẹjọ lọ, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó wà lórí oyè gba ilé ìjọsìn, wọ́n tú ilé àwọn mọ́ńkì ká. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe òfin tó tẹ Kátólíìkì lórí ba. Òfin ọdún 1704 kan ìrìnàjò mímọ́ gan-an: wọ́n á bu owó ìtanràn fún ẹni tí wọ́n bá mú nídìí kànga tàbí ní erékùṣù Lough Derg, ibi ìrìnàjò ìrònúpìwàdà mìíràn, tí kò bá sì rówó san, wọ́n á nà án ní ẹgba ní gbangba. Lórí òkúta nínú pápá ni àwọn àlùfáà ti ń rú ẹbọ Mísà nígbà yẹn, tí ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ̀nà. Kànga àti òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kò lè tì pa. Tí ẹ bá rí arúgbó kan tó ń yí kànga po nínú òjò láìsọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn baba rẹ̀ forí la ẹgba nítorí ìyípo yẹn ni.

Mo ní láti sọ ibi tí Màmá ti jàre. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni Patrick dá sílẹ̀. Òpin oṣù Keje tí wọ́n ń gun òkè bọ́ sí àkókò ọdún ìkórè àtijọ́ tó ń jẹ́ Lughnasa, tí wọ́n ń ṣe ní orúkọ Lugh, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà wọn. Ọ̀pọ̀ kànga náà ti wà kí ẹ̀sìn Kristi tó dé. Àwọn oníwàásù àkọ́kọ́ kò di kànga náà. Wọ́n fi omi rẹ̀ ṣèrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ẹni mímọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àlùfáà fúnra wọn dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjọ̀dún kànga dúró, torí ọtí àti ìjà ìgboro ti wọ̀ ọ́ lẹ́yìn àdúrà. Ìjọ kò di ojú rẹ̀ sí nǹkan kan.

Ó ku aṣọ orí igi, èyí tó ba Màmá lẹ́rù. Ní tiwa, aṣọ funfun tí wọ́n ń ró mọ́ ìrókò, ẹni tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú igi ni wọ́n fi ń bọlá fún. Ní Írẹ́lándì, ẹni tó ń ṣàìsàn ló ni aṣọ náà. Wọ́n á ya díẹ̀ lára aṣọ aláìsàn, wọ́n á rì í sínú omi kànga, wọ́n á fi nu ibi tó ń dùn ún, wọ́n á gbàdúrà sí Ọlọ́run nípasẹ̀ ẹni mímọ́ tó ni kànga náà, wọ́n á sì so ó mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí aṣọ náà bá ṣe ń jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yóò ṣe máa lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í tú aṣọ ẹlòmíràn: wọ́n ní àìsàn ló wà lára rẹ̀. Igi kò gba ẹ̀bùn kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kò bá ti ìrókò mu.

Ṣé kí ẹ̀yin náà wá so ó? Èrò tèmi ni pé kí ẹ má so ó. Aṣọ kò ṣàjèjì nínú ìwòsàn Kristẹni. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, ẹsẹ 12, sọ pé wọ́n mú aṣọ ìnujú láti ara Pọ́ọ̀lù lọ bá àwọn aláìsàn, ara wọn sì yá. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún Brigid, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Írẹ́lándì ṣì máa ń gbé aṣọ kan síta kí ẹni mímọ́ náà bù kún un bó ti ń kọjá. Ṣùgbọ́n kí àìsàn máa lọ bí aṣọ ṣe ń rà, ìyẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ. Àṣà àwọn èèyàn ibẹ̀ ni, ẹni tó dàgbà sínú rẹ̀ ló mọ bó ṣe ń gbé e. Bákan náà, aṣọ òde òní kì í jẹrà. Ó ń fún ẹ̀ka igi lọ́rùn títí yóò fi kú. Ẹ dárúkọ aláìsàn yín níwájú Ọlọ́run, ẹ yí kànga po pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹ fi igi sílẹ̀. Ní kànga Brigid tó wà ní Liscannor, tí kò jìnnà sí etí òkun Moher, ẹ máa rí ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n kó fọ́tò, ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì àti ère kún. Ẹ rọra rìn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò yẹn, ti òkú ni. Ní ti Moher fúnra rẹ̀, ẹwà ilẹ̀ ni ẹ bá lọ wò. Ibi tó ga jù níbẹ̀ tó mítà 214 sókè òkun, ẹ má sún mọ́ etí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Ní Knock, àdúrà yíyípo náà ni ẹ máa bá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1879, ní ọdún tí oko kò ṣe dáadáa ní Mayo tí àwọn onílẹ̀ sì ń lé tálákà kúrò nílé, èèyàn 15 rí Ìyá wa Màríà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú Jósẹ́fù Mímọ́ àti Jòhánù Mímọ́, àti ọ̀dọ́ àgùntàn lórí pẹpẹ. Ó tó nǹkan bí wákàtí méjì tó wà bẹ́ẹ̀. Òjò ń rọ̀ sára àwọn tó ń wò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀ abẹ́ ibi tí ìran náà wà gbẹ. Màmá àgbà kan, Bridget Trench, lọ láti fẹnu ko ẹsẹ̀ Ìyá wa lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ kò ba nǹkan kan. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Kò sí iṣẹ́ tí Ìyá wa rán, kò sí àṣírí, kò sí ìkìlọ̀. Ìgbìmọ̀ tí Ìjọ gbé kalẹ̀ lọ́dún yẹn, àti òmíràn ní 1936, gba ẹ̀rí àwọn tó rí i gbọ́. Póòpù John Paul Kejì lọ síbẹ̀ ní 1979, Póòpù Francis lọ ní 2018. Ẹ wá àyè dákẹ́ níbẹ̀, kódà bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kọrin látòwúrọ̀ dalẹ́.

Ẹ má gbàgbé pé Patrick yìí kan náà ni ẹni mímọ́ alábòójútó Nàìjíríà, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fádà SMA (Society of African Missions) àti àwọn Sísítà OLA (Our Lady of Apostles) tó kọ́ àwọn òbí wa níwèé, Írẹ́lándì ni wọ́n ti wá.

Tí ẹnì kan bá dábàá pé kẹ́ ẹ fi Lough Derg kún un, ẹ rò ó dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni: ẹsẹ̀ lásán, àìsùn òru kan gbáko, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, búrẹ́dì gbígbẹ àti tíì tí kò ní mílíìkì. Kò yẹ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lórí Croagh Patrick náà, kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ bàtà líle tí wọ́n sì ń mú ọ̀pá dání, àdúrà wọn kò dín.

Omi ńkọ́? Ní Knock, ẹ̀rọ wà tí wọ́n ti ń pọn omi mímọ́, ẹ mú ìgò lọ, ẹ pọn ún, kí ẹ sì fi sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, torí ní àwọn pápá ọkọ̀ òfuurufú kan, wọn kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ìgò ńlá wọlé lọ́wọ́. Omi kànga inú pápá, ẹ lè bu díẹ̀ láti fi kan iwájú orí, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún, ẹ má sì fún ọmọdé mu, torí ibi tí màlúù ti ń jẹko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà.