Amí nínú Red Alert 2: ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí ajá fi ń fa gbogbo amí òun ya nínú Red Alert 2, gémù ogun orí kọ̀ǹpútà, bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun bá ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ó jọ pé amí ò wúlò àfi téèyàn bá ń bá kọ̀ǹpútà jà.

Ó wúlò, ọ̀gá mi. Ibi tí tánkì ò lè gbé mi dé, amí ti gbé mi débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò: $1,000 ni amí kan, $200 péré ni ajá, ajá ò sì bìkítà irú ẹni tí amí para dà dà. Ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú kúrò. Rocketeer, ọmọ ogun tó ń fò, lèmi ń lò, torí òkè ló wà, ajá ò lè fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá ti pa wọ́n tán, ẹ jẹ́ kó máa yọ ọ̀tá lẹ́nu lápá kejì ìlú rẹ̀, kí ojú ọ̀tá lè wà níbẹ̀.

Ó wá ku ẹni tẹ́ ẹ ń bá gbá gémù fúnra rẹ̀, òun ló sì le jù. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ amí di Conscript, ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àwọn Soviet, ṣáá. Tí ọ̀tá bá ti pa Conscript tì tipẹ́, tó wá rí ọ̀kan ṣoṣo tó ń ti ọ̀nà ilé yín bọ̀, ṣé kò ní fura ni? Irú ọmọ ogun tó ń kó jáde lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fara jọ, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀yìn wọlé. Nighthawk, hẹlikópítà tó ń gbé ọmọ ogun, dáa fún un, kì í hàn lórí rédà. Àwọn tó gbówọ́ máa ń fa máòsì yí ọmọ ogun wọn ká. Èyí tí kò bá dáhùn, amí ni, ìbọn ló kàn. Ẹ má jẹ́ kí amí dúró lójú kan lọ́dọ̀ irú wọn.

Ibo ni kó wá wọ̀? Refinery, ilé tí owó ti ń wọlé, ni gbogbo ayé ń sáré lọ, torí ìdajì owó ọ̀tá á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó mọ gémù yìí kì í kówó jọ, bó ṣe ń wọlé ló ń ná an, kí lẹ fẹ́ pín níbẹ̀? Tesla Reactor, ilé iná àwọn Soviet, lèmi ń wá. Bí amí bá wọ ọ̀kan ṣoṣo, iná gbogbo ìlú ọ̀tá lọ nìyẹn: Tesla Coil, òpó tó ń fi mànàmáná ṣọ́ ìlú, kú, rédà kú. Kí tánkì yín ti wà lẹ́nu ibodè kí amí tó wọlé, torí iná tiwọn kì í pẹ́ dé, kò dà bíi tàdúgbò mi. Àwọn Tesla Trooper, ọmọ ogun wọn tó ń fi iná jà, tó bá dúró ti Coil lè máa fún un níná, ẹ kọ́kọ́ pa wọ́n. Sentry Gun, ìbọn tó ń ṣọ́ ìlú wọn, ò tiẹ̀ nílò iná rárá.

Tí ìjà bá máa pẹ́, ẹ rán an sí War Factory, ilé tí ọ̀tá ti ń kọ́ ọkọ̀ ogun. Amí náà ò ní jáde mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ogun tẹ́ ẹ bá kọ́ lẹ́yìn ìyẹn á ti gba oyè kó tó jáde.

Bó bá jẹ́ Allied, ẹgbẹ́ tó ní amí, lọ̀tá yín náà, ẹ fi ajá méjì ṣọ́ Power Plant, ilé iná tiyín.