Táyà ńlá, ẹrù lẹ́yìn: jíà wo ló yẹ ọkọ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mò ń gbé. Mo bọ́ táyà ínṣì 31 lẹ́sẹ̀ píkọ́ọ̀pù mi, mo fi 35 sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti so tírélà mọ́ ọn, agbára káká ló fi ń gun afárá. 3.73 ni jíà ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé 4.10 á tó?

Ìdáhùn: Kò ní tó. Nọ́ńbà jíà ni iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń gbé agbára wá sẹ́yìn máa ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan; bó bá ṣe pọ̀ sí i ni agbára ìfà ń pọ̀ sí i. Ẹ fi 35 sọ 3.73 di púpọ̀, kí ẹ fi 31 pín in: 4.21. Ìyẹn ló máa dá agbára ọkọ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ sì tún ń fa ẹrù. 4.56 ni èmi á fi sí i.

Bí mo bá tú ìdí irú ọkọ̀ báyìí, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan kí n tó máa kà: 41 lára jíà ńlá, 11 lára kékeré tó ń yí i. Bí ẹ bá fi 11 pín 41, 3.73 nìyẹn. Bí kékeré bá di eyín 9, ó di 4.56. Eyín méjì péré!

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wa ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, iwájú àti ẹ̀yìn lẹ máa pààrọ̀, kí nọ́ńbà wọn lè bá ara mu. Oníbàárà mi kan ṣe ẹ̀yìn nìkan, owó tó fi tún jíà àárín tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn ṣe ju èyí tó sá fún lọ.

Bí ẹ bá ti fi jíà tuntun sí i, ẹ má fa ẹrù kankan fún máìlì 500 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì inú jíà náà.