Ọṣẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe bó mi lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ ti wọ́n jù lọ́jà, ni mo bá ní kí n máa ṣe tèmi. Aládùúgbò mi ní kí n lo dẹ̀rìkà àdín méjì, agolo mílíìkì kọ́sítíìkì méjì, àti omi. Àdín mi kò pé, mo fi epo pupa dí i. Inú ìkòkò sílífà ni mo ti pò ó. Ó hó yàà, ìkòkò sì dúdú. Ọṣẹ dì lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo fi fọ ṣòkòtò bàbá àwọn ọmọ, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Ìyẹ̀fun funfun kan tún bò ó lórí. Ṣé kí n dà á nù ni? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Má dà á nù, má sì fi fọ nǹkan kan ná. Ìyẹ̀fun orí rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fà á, o lè nù ún kúrò. Ohun tó bó ọ lọ́wọ́ wà nínú ọṣẹ gan-an: kọ́sítíìkì tí kò rí epo jẹ.

Ìyá àgbà mi ní Ilé-Olújì kò ní òṣùwọ̀n kankan. Eérú èèpo kòkó ló ń lò. Yóò kó eérú sínú ajere, yóò da omi lé e, èyí tó bá kán sísàlẹ̀ ni yóò sè mọ́ àdín. Bí ọṣẹ bá ń ta á láhọ́n, á bu àdín kún un. Bí epo bá léfòó, á bu omi eérú. Ó lè fi odindi ọ̀sán tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀, torí pé orí iná ló wà. Ìwọ po tìrẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o dà á sínú ike, ó dì. Ìgbà wo lo fẹ́ tọ́ ọ wò? Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo òṣùwọ̀n sí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́sítíìkì ṣọṣẹ. Agolo kò ṣe é gbára lé.

Kílò àdín kan ń gba kọ́sítíìkì bí 176 gíráàmù. Kílò epo pupa kan kò gbà ju bí 141 lọ. Ṣé o rí i báyìí? Epo pupa tí o fi dí i gan-an dá kún ọ̀ràn. Èmi máa ń dín in kù díẹ̀: 170 sí kílò àdín kan, pẹ̀lú omi 400 gíráàmù. Kọ́sítíìkì ni kí o máa bù sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Má da omi lé kọ́sítíìkì láé, á ru sí ọ lójú. Ìta gbangba ni kí o wà, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, kí àwọn ìbejì sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ti ìkòkò sílífà yẹn, háà! Híhó tí o rí, kọ́sítíìkì ló ń jẹ ìkòkò rẹ, gáàsì tó ń tú jáde níbẹ̀ sì lè gbiná. Má fi se ọbẹ̀ mọ́. Bókẹ́ẹ̀tì ike tó nípọn ni kí o lò.

Èyí tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Wọ ìbọ̀wọ́, rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò irin, wọ́n omi sí i, fi iná jẹ́jẹ́ yọ́ ọ. Máa bu àdín sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, máa rò ó. Lẹ́yìn ṣíbí mélòó kan, mú bíńtín, jẹ́ kó tutù, fi ṣónṣó ahọ́n kàn án. Bó bá ta ọ́ bíi bátìrì rédíò, àdín kò tíì tó. Bí kò bá ta ọ́ mọ́, dà á sínú ike, gé e tó bá dì, kí o sì sá a síbi tí atẹ́gùn ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí bàbá àwọn ọmọ máa fọ ṣòkòtò rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ìgbà náà. Ọwọ́ rẹ ò tíì jinná.