Ìbọn tó dún "kọ́" tí kò yìn: ẹ̀tù kọ́ ni kí o bù kún un

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Dallas ni mo ń gbé. Èmi fúnra mi ni mo ń di kátíríjì gauge 12 (gauge ni ìwọ̀n fífẹ̀ ọ̀pá ìbọn) tí mo fi ń yin àdàbà lóṣù kẹsàn-án. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá fà á, "kọ́" ni mo máa ń gbọ́, ìbọn ò ní yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀tù inú rẹ̀ ni kò tó. Báwo ni kí n ṣe fi kún un tó?

Ìdáhùn: Má fi ẹyọ kan kún un, àbúrò mi.

Ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ẹni tó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní "bu ẹ̀tù sí i" kò tíì dákẹ́. Ìbọn tó dún "kọ́" lásán, iná kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù rẹ̀ rárá. Ṣé ẹ̀tù tí iná ò kàn la fẹ́ dá lẹ́bi? Ìṣáná ló kọ̀ tí kò ràn, ìwọ wá ń da kẹrosíìnì kún sítóòfù. Práímà ni kí o wò, ìyẹn ife irin kékeré tó wà láàárín ìdí kátíríjì. Abẹ́rẹ́ ìbọn á gún un, á tanná, iná yẹn ni yóò wọ inú ẹ̀tù. Bí kò bá tanná, o lè di ẹ̀tù dé ẹnu, ibẹ̀ náà ni yóò wà.

Ọjọ́ tó bá wá tanná ńkọ́? Gbogbo ẹ̀tù tí o fi kún un yóò jó lẹ́ẹ̀kan náà. Kátíríjì gauge 12 tó gùn ní íǹṣì 2¾, 11,500 psi (ìwọ̀n agbára tí ẹ̀tù tó jó fi ń ti ọ̀pá) ni òpin agbára tí wọ́n fi sí i ní Amẹ́ríkà. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀pá ìbọn lè ya, ọwọ́ òsì rẹ ló sì wà lábẹ́ ọ̀pá yẹn, ojú rẹ kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ìbọn tí ẹ̀tù rẹ̀ kò jó dáadáa kì í dún "kọ́". "Pùú" ló máa ń dún, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, kò ní ti èjìká rẹ bó ṣe yẹ. Ìyẹn ló tún burú jù, torí ike tó gbé ọta lè há sínú ọ̀pá. Ẹni tó bá yin òmíràn tẹ̀ lé e ti fọ́ ìbọn rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá gbọ́ "pùú", dúró, tú gbogbo kátíríjì jáde, kí o yẹ inú ọ̀pá wò láti ìdí, kì í ṣe láti ẹnu. Kátíríjì gauge 20, tó tín-ín-rín ju gauge 12 lọ, náà máa ń yọ́ wọ inú ọ̀pá gauge 12, á lọ jókòó síwájú, ìwọ á rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wàá sì ki gauge 12 tẹ̀ lé e. Ìdí tí wọ́n fi ń fi àwọ̀ yẹ́lò ṣe gauge 20 nìyẹn. Má kó méjèèjì sí àpò kan.

Nígbà tó bá dún "kọ́", má ṣí i. Jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí o ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán. Práímà mìíràn máa ń pẹ́ kó tó gba iná.

Lẹ́yìn náà, mú kátíríjì yẹn jáde, wo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Bí ibẹ̀ kò bá jinlẹ̀, ó lè jẹ́ ìbọn ló ní àìsàn: gírísì tó ti dì, sípíríǹgì tó ti rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìwọ lo tẹ práímà wọlé jù. Fi ìka kàn án: ó yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ìdí kátíríjì. Èyí tó bá yọ síta léwu, ó lè yìn nígbà tí o bá ń pa ìbọn dé. Bí ibi tó gún bá jinlẹ̀ tí kò sì tanná, práímà ló bàjẹ́. Òróró ọwọ́ àti omi ni ọ̀tá rẹ̀. Kòròfo kátíríjì tí o ti dì lọ́pọ̀ ìgbà, bí àtàǹpàkò rẹ bá lè ti práímà wọnú rẹ̀, jù ú nù.

Bí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe bá ti yẹ ìbọn rẹ wò, ra páálí kátíríjì kan tí ilé iṣẹ́ ṣe, kí o yìn ín. Bí gbogbo rẹ̀ bá dún, tìrẹ ló ní àbùkù. Má pààrọ̀ práímà fún irú mìíràn láìwo ìwé ìdiwọ̀n tó bá ẹ̀tù rẹ mu, torí práímà nìkan lè yí agbára rẹ̀ padà. Má sì gbìyànjú láti fi irin yọ práímà tó ṣì ní iná nínú. N kò rí ìbọn rẹ, nítorí náà gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ìbọn ṣe kí o tó lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fún yín. Òfin ìbọn ọdún 1959 kò gba aráàlú láyè láti ṣe ọta nílé. Ẹni tó ń ha orí ìṣáná sínú kátíríjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ lónìí.

Ìwọ ará Dallas, bí o bá ti bu ẹ̀tù kún díẹ̀ kí èsì mi tó dé, má yin ọ̀kan nínú wọn "láti dán an wò". Yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ ọ́ sí ara páálí pé wọn kò dára, kí o pe ọlọ́pàá àdúgbò rẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbà á sí.