Ẹ kọ́kọ́ wo oorun rẹ̀

Àǹtí, ẹ sọ pé àbúrò yín, ọmọ ọdún 23, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn láti ọjọ́ márùn-ún, pé ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ó sì ti gbé fóònù rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹ tún ní lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, inú yàrá ló há ara rẹ̀ mọ́, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn kan ní igbó ló ń mu, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ wá béèrè bóyá bipolar ni, àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbé èèyàn sókè jù, tó tún ń já a sílẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò lè sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń bá àìsàn yìí gbé láti ọdún 2014, ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Léèsì ni mo ń tà ní Gbági. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é ní àìsàn, torí pé ara mi yá ni. Màá sùn wákàtí méjì, màá jí bí ẹni tó sùn ọjọ́ méjì. Aago mẹ́ta òru, mo ti fọ gbogbo kọ́tìnì ilé. Mo ń pe àwọn oníbàárà ní kùtùkùtù pé mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Kútọnu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá gba àdúrà, kò sẹ́ni tó lè dá mi dúró. Wọ́n ní iná ẹ̀mí ló bà lé mi. Ìyá mi ń dúpẹ́, èmi náà ń dúpẹ́. Ibi tó ti tàn wá jẹ nìyẹn: ayọ̀ ló gbé wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo ti gba ọjà àwìn tí mi ò lè san. Bàbá àwọn ọmọ mi bi mí léèrè, mo bú wọn níwájú àwọn ọmọ, èmi tí mi ò gbóhùn sókè sí wọn rí.

Lẹ́yìn náà ló já mi sílẹ̀. Oṣù méjì gbáko, bí ẹnìkan ò bá fà mí dìde, mi ò ní wẹ̀. Wọ́n yẹ̀ mí wò fún ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé ìwòsàn kan fún mi ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìkan, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ara mi ti yá jù rí. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo tún fi gòkè, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́: mo ń gbọ́ orúkọ mi nínú rédíò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé oògùn yẹn nìkan lè ti ẹni tó ní bipolar sókè. Torí náà, Àǹtí, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ ro ti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn mọ́ ti ìsinsìnyí. Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹni tí oorun kàn dá lójú, á rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ á pọ́n, á máa wá ibi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí irú tèmi bá ń ṣe kò wá oorun, kò sì rẹ̀ ẹ́. Dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe mí, ní Abẹ́òkúta, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé. Ó ní bí irú ara yíyá bẹ́ẹ̀ bá pé ọ̀sẹ̀ kan, tó ń ba iṣẹ́ àti àjọgbé jẹ́, ó ti kúrò ní ìwà. Ó tún béèrè ọtí àti igbó, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, torí àwọn náà lè fara jọ ọ́. Ẹ má bá àwọn tó ń pariwo igbó jà. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é, ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dè mí mọ́ òpó ní ilé àdúrà kan. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Àdúrà kò ṣe mí níbi, ẹ̀wọ̀n yẹn ló ṣe mí níbi. Bó bá ń sọ pé òun ni Ọlọ́run yàn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbà fún un; ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí ẹ gba káàdì báǹkì àti kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá wálẹ̀, tó ní ayé sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kó apakòkòrò àti oògùn kúrò nílé, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ ní Ìbàdàn lẹ wà. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà. Lithium, oògùn tó ń mú ọkàn dúró déédéé, ni èmi ń lò. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò déédéé, torí bó bá pọ̀ jù lára, májèlé ni, wọ́n sì ń wo kíndìnrín mi. Mi ò fi omi mímu ṣeré, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá àwọn ọmọ mi mọ àmì tèmi: bí iná ilé ìdáná bá tàn laago mẹ́ta òru lẹ́ẹ̀mejì léra, dókítà ni wọ́n máa pè, wọn kì í bi mí.

Lálẹ́ òní, ẹ ka iye wákàtí tí àbúrò yín bá sùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ láàárọ̀ ọ̀la.