Mo fẹ́ lọ kọ́ róbọ́ọ̀tì ní technical college: kí ni wọ́n máa kọ́ mi gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wáyà ilé ni mò ń ṣe láti bí ọdún mélòó kan, mo wá rí i pé technical college kan ń gba èèyàn fún kọ́ọ̀sì ọdún méjì lórí róbọ́ọ̀tì àti ọ̀tọméṣọ̀n. Fọ́tò róbọ́ọ̀tì ńlá ló wà lórí ìwé tí wọ́n ń pín kiri. Ó wù mí gan, àmọ́ ìṣirò mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, mi ò sì mọ̀ bóyá owó èèyàn ni wọ́n kàn fẹ́ gbà. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an, báwo ni mo ṣe máa mọ ilé-ìwé tó dáa, àbí kí n kúkú wá ọ̀nà lọ yunifásítì?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣé tóo béèrè kóo tó lọ sanwó. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí fọ́tò yẹn ò sọ fún ẹ: róbọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ ò pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Tóo bá wọ fáktírì tí wọ́n ti ń fi róbọ́ọ̀tì kó páálí, apá irin yẹn lojú gbogbo èèyàn máa ń lọ, àmọ́ ta ló sọ fún un pé páálí ti dé? Sẹ́ńsọ̀ ni, ìyẹn ojú ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé nǹkan ti dé iwájú ẹ̀. Ta ló dá bẹ́líìtì dúró kí páálí méjì má bàa kọlu ara wọn? PLC ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Kí ló di páálí mú? Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú páìpù rọ́bà wá ni. Tí ẹnì kan bá wá ṣí géètì wọlé tọ̀ ọ́ lọ ńkọ́, kí ló máa pa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Sáfẹ́tì rílè ni, rílè ni swíìṣì tó jẹ́ iná fúnra ẹ̀ ló ń tàn án tó ń pa á. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló máa jẹ́ iṣẹ́ ẹ. Tí iṣẹ́ bá dúró lóru tí wọ́n wá pè ẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe róbọ́ọ̀tì ló bàjẹ́, ojú sẹ́ńsọ̀ ló dọ̀tí, tàbí wáyà kan ló já sínú rọ́bà ẹ̀ níbi tó ti ń ká tó ń nà látàárọ̀ dalẹ́, tàbí fáàfù kan ló ń jò, ẹni tó bá sì lè rí ìyẹn kíákíá ni fáktírì ń wá lójú méjèèjì.

Ìyẹn ni pé ìwọ tóo ti ń ṣe wáyà, o ti rìn díẹ̀ nínú ọ̀nà yẹn. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ máa jọ ohun tóo mọ̀: iná three-phase, kọ́ńtákítọ̀ (swíìṣì ńlá tó ń tan mọ́tò), overload (èyí tó ń pa mọ́tò tó bá ń fa iná jù), bí wọ́n ṣe ń fi star-delta gbé mọ́tò ńlá dìde kó má bàa fa iná rẹpẹtẹ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, àti kíka dírọ́ọ̀ìn. Má fojú di dírọ́ọ̀ìn o. Ọ̀pọ̀ oníwáyà ilé ló ń fi orí ṣiṣẹ́, wọ́n á ní àwọn mọ ibi táwọn gbà á, àmọ́ páńẹ́ẹ̀lì fáktírì lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáyà tí gbogbo ẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹni tí ò bá lè ka dírọ́ọ̀ìn á kàn dúró síwájú ẹ̀ máa wò ó ni.

Ibi tó ti máa yàtọ̀ sí iná ilé ni pé 24 volt DC ni wọ́n sábà fi ń darí ẹ̀rọ. Sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ ní wáyà mẹ́ta, búráùn ni pọ́sítíìfù, búlúù ni 0 volt, dúdú ló ń gbé ìròyìn lọ sí PLC. Ó wá pín sí méjì, PNP máa ń ti 24 volt jáde, NPN máa ń fà á lọ sí 0 volt, tóo bá wá so èyí tí káàdì PLC ẹ ò gbà, iná kékeré orí sẹ́ńsọ̀ á máa tàn dáadáa bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é, PLC ò sì ní rí nǹkan kan, wàá jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ìwé tó kọ́ èèyàn nírú ẹ̀ tó ọwọ́ ara ẹni, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ wákàtí tóo máa fi fọwọ́ kan nǹkan.

Ní ti ìṣirò tóo ń bẹ̀rù, wo irú èyí tí wàá máa ṣe. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí omi inú táǹkì ṣe pọ̀ tó sábà máa ń fi iná tó wà láàárín 4 sí 20 milliamp ránṣẹ́. Ká ní omi tó ga ní mítà 10 ló ń kún táǹkì yẹn, 4 ni pé ó ṣófo, 20 ni pé ó ti kún. O fi tẹ́sítà wò ó, o bá 12 níbẹ̀, mítà mélòó lomi wà? Yọ 4 kúrò nínú 12, ó ku 8. Láti 4 dé 20 jẹ́ 16. Ìdajì 16 ni 8, omi ti dé ìdajì nìyẹn, mítà 5. Kí ló dé tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti 0? Torí tí wáyà bá já, 0 ni wàá rí, wàá sì mọ̀ pé wáyà ló já, kì í ṣe pé omi ti tán. Tó bá jẹ́ pé 0 ni wọ́n fi ṣe òfìfo, PLC á rò pé táǹkì ti gbẹ, á máa fa omi sí i lọ títí tó fi máa kún àkúnya. Lẹ́yìn ìyẹn wàá tún pàdé bínárì (òǹkà tó jẹ́ 0 àti 1 nìkan), Ohm's law (òfin tó so volt, iná tó ń sàn àti ìdènà pọ̀), àti igun díẹ̀ nígbà tẹ́ẹ bá dé orí róbọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá lè ṣírò owó iṣẹ́ fún kọ́sítọ́mà láì ṣìṣe máa bá wọn dé òpin, ó kàn gba sùúrù ni.

PLC fúnra ẹ̀ gan, torí irú ẹ ni wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà kan, kọ́bọ́ọ̀dù ńláńlá tó kún fún rílè ló ń darí ẹ̀rọ ní fáktírì ọkọ̀, tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe ọkọ̀ tuntun, ó di dandan kí wọ́n tú wáyà kí wọ́n tún un so. Lọ́dún 1968 ni General Motors ní kí wọ́n wá nǹkan míì dípò ẹ̀, Dick Morley àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Bedford Associates ní Amẹ́ríkà sì gbé PLC tí wọ́n pè ní Modicon 084 jáde, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé iṣẹ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin iléeṣẹ́ wọn ni. Èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ìyẹn ládà, jọ dírọ́ọ̀ìn rílè pátápátá káwọn oníná tó wà nílẹ̀ lè kà á láìní láti di ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà. Títí dòní ládà ṣì wà níbẹ̀, bóo bá sì ti lè ka rílè, wàá kà á.

Ohun tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nínú PLC ni bó ṣe ń yí: á kọ́kọ́ wo gbogbo ohun tó ń wọlé, á ka prógíráàmù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà yẹn ló máa tó tan ohun tó yẹ kó tan, á tún padà síbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì díẹ̀. Ẹni tí ò lóye yíyí yìí á kọ prógíráàmù tó tan mọ́tò kan lókè, á tún gbàgbé pa mọ́tò kan náà nísàlẹ̀, á wá máa bú PLC pé kò gbọ́ràn. Ìlànà kan wà fún àwọn èdè PLC káàkiri ayé, IEC 61131-3, ó jáde lọ́dún 1993, torí náà ohun tóo bá kọ́ lórí PLC Siemens ò ní ṣòfò tóo bá lọ bá ti Allen-Bradley níbòmíì. Tí wọ́n bá fi structured text, ìyẹn èdè PLC tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kọ dípò àwòrán, kún ládà, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí àtiṣe ìṣirò pẹ̀lú ládà máa ń súni.

Róbọ́ọ̀tì wá ńkọ́? Láti 1961 ló ti wà ní fáktírì, Unimate ni orúkọ èyí àkọ́kọ́, General Motors náà ló lò ó ní New Jersey láti máa kó irin gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ. Èyí tí wàá bá ní ilé-ìwé á ṣeé ṣe kó jẹ́ oníríkèé mẹ́fà, èyí tí FANUC, KUKA, ABB tàbí Yaskawa ṣe. Èdè wọn ò dọ́gba, KUKA ń lo KRL, ABB ń lo RAPID, àmọ́ èrò kan náà ni: o mú un lọ síbì kan, o ní kó rántí ibẹ̀, o sọ bó ṣe máa débẹ̀, bóyá kó yí ríkèé ẹ̀ lọ bó ṣe wù ú tàbí kó lọ gbọọrọgbọ. Nǹkan tóo máa dì mọ́wọ́ láti fi kọ́ ọ, teach pendant, ní swíìṣì kan lẹ́yìn tí mo fẹ́ràn gan: tóo bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, róbọ́ọ̀tì lè rìn, tóo bá jù ú sílẹ̀, á dúró, tóo bá sì fún un mọ́wọ́ pinpin, á dúró náà, torí ẹni tẹ́rù bà kì í sábà tú ọwọ́, ṣe ló máa ń di nǹkan mú. Nígbà tóo bá ń kọ́ ọ báyìí, kò gbọ́dọ̀ yá ju 250 mílímítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan lọ. Olùkọ́ tó bá ní ẹ lè yọjú sí i nígbà tó ń sáré, sá fún un.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin oníná ilé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, ìyẹn fífọwọ́ ṣe iná láìpa á. Ní fáktírì, wàá pa á, wàá fi páádì tìẹ tì í, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á wà lápò ẹ, wàá tún fi tẹ́sítà wò ó. Iná nìkan kọ́ o, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú páìpù ṣì lè ti irin lu ọwọ́ lẹ́yìn tí iná ti kú.

Ilé-ìwé tó dáa? Má wo róbọ́ọ̀tì tó wà ní ẹnu ọ̀nà, òmíì wà níbẹ̀ fún fọ́tò ni. Lọ nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, wo èèyàn mélòó ló ń lo PLC kan, tó bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹnì kan ló máa ń ṣe é, àwọn tó kù á máa wòran. Béèrè bóyá ẹ máa so páńẹ́ẹ̀lì láti orí irin òfìfo títí tó fi máa ṣiṣẹ́. Béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: ṣé olùkọ́ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ sínú ẹ̀rọ kẹ́ẹ wá a? Ibi tí wọn ò bá ti ń ṣe ìyẹn, prógíráàmù ni wọ́n ń kọ́ yín, kì í ṣe iṣẹ́. Símúléṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wáyà ibẹ̀ kì í tú. Tún béèrè fáktírì tí wọ́n ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ àti ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá.

Yunifásítì ò burú, iṣẹ́ ẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ máa ṣírò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ẹ̀rọ ni kó lọ, ẹni tó fẹ́ gbé e dìde kó sì máa mú un ṣiṣẹ́, technical college tó fún un. Ní Jámánì, Mechatroniker, ìyẹn oníṣẹ́ tó mọ iná, irin ẹ̀rọ àti PLC pọ̀, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba mọ̀ láti 1998, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, apá kan ní kíláàsì, èyí tó pọ̀ jù ní iléeṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń fojú ẹni tí kò kàwé wò wọ́n. Béèrè ṣáá bóyá yunifásítì kankan máa ka ọdún méjì ẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, tóo bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ iwájú.

Kóo tó forúkọ sílẹ̀, wá CODESYS, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù PLC, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní símúléṣọ̀n nínú. Ṣe bọ́tìnì start kan àti stop kan tó ń darí mọ́tò, kí mọ́tò máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tóo bá ti tú ọwọ́ kúrò lára start. Gbà pé stop yẹn jẹ́ normally closed, ìyẹn ni pé iná ń gba inú ẹ̀ kọjá títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́, kóo wá ronú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wáyà ẹ̀ bá já. Tóo bá ti ríyẹn, fi táímà sí i kí mọ́tò kejì tẹ̀ lé e lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdì 5. Tó bá dùn mọ́ ẹ débi tóo fi gbàgbé oúnjẹ, lọ forúkọ sílẹ̀, tó bá sì ti sú ẹ níbi bọ́tìnì méjì yẹn, fowó ẹ pa mọ́.