Ìdíje Triathlon Tuntun Tó Gùn: Ṣé Kí N Sanwó Báyìí, Àbí Kí N Dúró?

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, Gáà-Àkànbí nílùú Ìlọrin ni mò ń gbé, mo sì ti pé ẹni ọdún 38. Mo ti sá máráthọ́ọ̀nì Èkó parí lẹ́ẹ̀mejì. Láti bí ọdún kan ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́, mo sì ra kẹ̀kẹ́ eléré-ìje tokunbo kan tí mò ń gùn ní Sátidé. Ẹnìkan fi ìkéde triathlon kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òkè òkun ni, oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀ ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe é sì nìyẹn. Èèyàn á lúwẹ̀ẹ́ fún 3.8 kìlómítà nínú òkun, á gun kẹ̀kẹ́ fún 180, á wá sá 42.2. Wọ́n ní ẹni tó bá sanwó kí oṣù yìí tó parí máa rí ẹ̀dínwó gidi. Mo máa ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì pé. Ṣé kí n sanwó ni, àbí kí n ṣì ní sùúrù?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́, ẹ kú ìmúra. Ẹ má tíì sanwó.

Kì í ṣe pé agbára yín ò gbé e. Ẹni tó ti sá máráthọ́ọ̀nì parí lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fi ọdún kan kọ́ omi, ó ti kúrò lọ́mọdé nínú eré yìí. Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú: oṣù Kẹrin yẹn, àti pé wọn ò ṣe é rí. Ẹ jẹ́ kí n mú oṣù ṣáájú, torí òun ni àwọn èèyàn kì í wò. Wọ́n á wo àwòrán òkun, wọ́n á wo mẹ́dà, wọ́n á sanwó, ìgbà tó bá ku oṣù mẹ́ta ni wọ́n á tó mọ ohun tí wọ́n rà.

Bí ìdíje bá wà ní oṣù Kẹrin, oṣù Kìíní sí ìparí oṣù Kẹta ni ìgbáradì máa le jù. Lásìkò yẹn, kẹ̀kẹ́ ọjọ́ Sátidé á ti di wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, eré ọjọ́ kejì rẹ̀ á ti di wákàtí méjì àtààbọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Ìlọrin ṣe ń rí nígbà náà. Ọyẹ́ ò tíì lọ nínú oṣù Kìíní, eruku á bo ojú ọ̀nà, ọ̀fun á máa gbẹ. Bí ọyẹ́ bá sì ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò, ooru ló kàn, ooru tí èèyàn ò fi ní lè sùn lóru. Àárín ooru yìí gan-an ni ààwẹ̀ máa bọ́ sí. Ní 2026, ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Kejì, lọ́dọọdún ló sì máa ń fi bí ọjọ́ 10 tàbí 11 yára dé ju ti èṣí lọ.

Mo ti bá alááwẹ̀ púpọ̀ ṣiṣẹ́, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan rí pé kó jókòó sílé. Alááwẹ̀ lè sáré ìṣẹ́jú 40 kó tó di àkókò ìṣínu, ó lè gun kẹ̀kẹ́ lójú kan nínú ilé lẹ́yìn tàráwíì, ó lè lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ kí ara má gbàgbé ohun tó ti kọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ wákàtí mẹ́fà láìmu omi ní oṣù Kẹta, níbi tí a wà yìí, ewu ni. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ máa gùn ún lóru lẹ́yìn tí ẹ ti jẹun tán, oorun dà? Sààrì ń bọ̀, iléèwé sì ń dúró dè yín láàárọ̀. Nítorí náà, nínú ọ̀sẹ̀ méjìlá tó yẹ kí ẹ fi gòkè, mẹ́rin á ti bọ́ sọnù, wọ́n á sì bọ́ sọnù láàárín, níbi tó ti dun èèyàn jù.

Ìdíje tó bá wà láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá ló bá ẹni tó ń gbé Ìlọrin mu. Ìgbà òjò ni ẹ máa ṣe iṣẹ́ tó wúwo, àárọ̀ á tutù, ojú ọ̀run á mọ́. Òjò á lé yín wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà fún ìyẹn.

Ó wá kan ti pé ó jẹ́ tuntun. Gbogbo ìdíje ló ní ọdún àkọ́kọ́, mi ò bá tuntun jà. Èyí tó di ìyá gbogbo ìdíje tó gùn tó báyìí, Ironman ti Hawaii, oṣù Kejì 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Èèyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí. Kò sí ibùdó omi lójú ọ̀nà, oníkálukú ló mú àwọn tó máa bá a gbé oúnjẹ àti omi wá. Gordon Haller ló gbégbá orókè pẹ̀lú wákàtí 11, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58. Ẹni tó ṣe ìkejì, John Dunbar, àwọn èèyàn rẹ̀ ni omi tán lọ́wọ́ wọn, bíà ni wọ́n bá ń gbé fún un. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni báyìí, àmọ́ kò sí ẹni tó yẹ kó san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là kó lọ rí irú ẹ̀ he.

Ìdíje tó ti pẹ́ máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè wo èsì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ rí iye ẹni tó bẹ̀rẹ̀, iye ẹni tó parí, àti àkókò tí àwọn tó kẹ́yìn dé. Mo fẹ́ràn láti wo ìsàlẹ̀ èsì ju òkè rẹ̀ lọ: bí ọ̀pọ̀ bá dé ní wákàtí 16 sí 17, ó dájú pé wọ́n ń mú sùúrù fún èèyàn níbẹ̀, bí kò bá sí ẹnì kankan lẹ́yìn wákàtí 14, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí àwọn tó kù wọlé sí. Tuntun ò ní irú èyí. Nítorí náà ìwé ni ẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ìmèèlì sí wọn kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè ìdíje mìíràn tí wọ́n ti ṣe rí, kí ẹ lọ wo èsì ìyẹn náà. Ẹ béèrè bóyá àjọ triathlon orílẹ̀-èdè wọn, tó wà lábẹ́ World Triathlon, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè bóyá ọlọ́pàá máa ti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pa, àbí ẹ̀yin àti ọkọ̀ àjàgbé lẹ jọ máa pín in. Ibùdó omi mélòó ló wà, kìlómítà mélòó ló sì wà láàárín wọn? Àwọn mélòó ló máa wà nínú ọkọ̀ ojú omi láti yọ ẹni tó bá rẹ̀? Ìbéèrè omi yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Nínú àwọn ikú tó ti ṣẹlẹ̀ nínú triathlon, inú omi ni púpọ̀ jù ti wáyé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ ọkàn sì máa ń wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó ti lé ní 35 pé kó jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn òun wò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú, bí èèyàn ò bá pọ̀ tó tí wọ́n fagi lé e, tàbí bí wọn ò bá fún yín ní físà. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pariwo yẹn, ó sábà máa ń jẹ́ fún owó tí wọn kì í dá padà. Bí wọn ò bá fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èsì tiwọn nìyẹn.

Gbèdéke àkókò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìdíje tó gùn tó báyìí ló ń fún èèyàn ní wákàtí 17, àwọn kan ò tó bẹ́ẹ̀. Omi nìkan sábà máa ń ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí wákàtí 10 àtààbọ̀ tó pé láti ìgbà tó ti bọ́ sómi. Bí ẹ bá jẹ gbogbo àkókò omi tán, tí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 pààrọ̀ aṣọ, wákàtí mẹ́jọ ló kù fún 180 kìlómítà. Ìyẹn túmọ̀ sí kìlómítà 22 àtààbọ̀ ní wákàtí kan, láìka ìtọ̀ àti táyà tó bá jò. Ẹ wá ṣírò tiyín. Bí ẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà ní ìṣẹ́jú 2 àtààbọ̀, omi á gbà yín ní ìṣẹ́jú 95. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sá kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ó di wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 12. Bí ẹsẹ̀ bá ń gba ìṣẹ́jú 7 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ń lọ sí wákàtí 5. Bí ẹ bá ro ìpààrọ̀ aṣọ mọ́ ọn, wákàtí 14 nìyẹn. Nínú 17, ó fi yín lọ́kàn balẹ̀. Nínú 15, wákàtí kan péré ló ṣẹ́kù fún yín, táyà méjì tó bá jò sì lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ẹ ò gbọdọ̀ sá mọ́ ẹni tó wà níwájú lẹ́yìn lórí kẹ̀kẹ́ kó máa gba atẹ́gùn fún yín. Nínú ìdíje gígùn wọ́n ń béèrè àlàfo tó tó 12 mítà.

Ohun tí èmi á ṣe bí mo bá jẹ́ yín: ìdajì ni màá kọ́kọ́ ṣe, 1.9, 90 àti 21.1, níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà. Rùwáńdà ni ọkàn mi lọ. Ní Rubavu, létí adágún Kivu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdajì yìí ní oṣù Kẹjọ 2022. Adágún ni, kì í ṣe òkun, kò sí ìgbì ńlá. Ọkọ̀ òfuurufú ń lọ tààrà láti Èkó sí Kigali, àwọn ọmọ Áfíríkà kì í sì í dààmú lórí físà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dààmú níbòmíràn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ga: ojú adágún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,460 mítà ju òkun lọ, òkè ló sì pọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ẹ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú.

Fún èyí tó gùn tán, Gúúsù Áfíríkà wà. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Gqeberha, tí wọ́n ń pè ní Port Elizabeth tẹ́lẹ̀. Òun náà sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, nítorí náà ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tí mo sọ lókè kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa nílò físà àti yellow card tó ń fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Òkun ibẹ̀ tutù débi pé ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ n'Ílọrin ò ní gbàgbọ́. Wọ́n máa ń gba aṣọ rọ́bà láàyè bí omi ò bá ju 24.5°C lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fi aṣọ náà lúwẹ̀ẹ́ rí, torí ó máa ń fún àyà ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: ọ̀pọ̀ ìdíje gígùn yìí ló ń gba owó tó lé ní 500 dọ́là fún ìforúkọsílẹ̀ nìkan, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó san owó àpótí kẹ̀kẹ́ fún ọkọ̀ òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ti máa gbáradì kò pọ̀. Ẹ má bọ́ sínú Asa Dam láti lọ kọ́ omi gbalasa. Omi tí ìlú ń mu ni, kò sì sí adóòlà níbẹ̀. Ẹ lo adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kí ẹ máa yí padà láìfi ẹsẹ̀ ti ògiri, kí ẹ máa gbé ojú sókè wo iwájú ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nínú adágún tó gùn ní 50 mítà, lílọ àti bíbọ̀ 38 ló pé 3.8 kìlómítà. Bí ó bá ku oṣù méjì, ẹ wá ibi tí omi òkun tàbí ọ̀sà ti ní ẹ̀ṣọ́ ní Èkó.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ọ̀nà Gánmọ̀ sí Àjàṣẹ́-Ìpo dùn ún gùn, tí èèyàn á fi máa ronú àtidé Òmù-Àrán, ṣùgbọ́n àwọn tírélà ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ajínigbé ní Gúúsù Kwara kì í sì í ṣe àhesọ. Ẹ má dá gùn ún, ẹ má sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀nà inú Yunifásítì Ìlọrin, bí wọ́n bá gbà yín láàyè, ni kí ẹ máa yí po. Wákàtí tó kù, ẹ ra irin tí wọ́n ń gbé táyà ẹ̀yìn kọ́ kí kẹ̀kẹ́ lè máa yí lójú kan. Kò nílò iná NEPA, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó.

Bí ìdíje tuntun yẹn bá ṣe ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ yọrí, èsì rẹ̀ á wà fún wa láti wò, a lè jọ tún un gbé yẹ̀ wò nígbà náà, bó bá tún bọ́ sí oṣù tó dáa. Ní báyìí, ẹ lúwẹ̀ẹ́ 1,900 mítà láìdúró, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà yín ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye ọjọ́ tí iṣẹ́ iléèwé fi yín sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ la ti máa mọ oṣù tí a lè fojú sí.